Òwú Láti Ìkẹjà dé Niú Yọ́ọ̀kì

Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ilẹ̀-ayé ní Agbowó, mo ní glóòbù kan àti òwú dúdú kan. Bí mo bá na òwú náà láti Ìkẹjà dé Niú Yọ́ọ̀kì, ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún máìlì.

Àbúrò wa obìnrin fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún. Ọ̀rẹ́ bàbá wa kan ni yóò pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ìgbà òtútù ni, ọmọ náà kò sì kúrò ní Ìbàdàn rí. Mo gbé glóòbù mi lọ sílé bàbá wa ní Jericho. Mo ní aago mọ́kànlá alẹ́ ni bàálù yóò gbéra ní Ìkẹjà, ìrìn wákàtí mẹ́rìnlá ni, aago tiwọn sì fi wákàtí mẹ́fà rẹ̀yìn sí tiwa. Aago méje àárọ̀ ni yóò balẹ̀.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ará Bodija, tí ọkọ̀ ojú omi gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tó sì gbé bọ̀, bú sẹ́rìn-ín.

“Tíṣà! Ìlú tó lajú tó báyẹn, aago rẹ̀ á wá máa wọ́ tẹ̀lé tiwa? Tiwọn ló ṣáájú. Aago méje alẹ́ lọmọ á dé.”

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dọ̀ wa loòrùn ti kọ́kọ́ ń yọ.”

“Èmi ti gbé òkè òkun, ìwọ ń fi òwú wọn bọ́ọ̀lù!”

Gbogbo ilé rín mi, àti ọmọ tó ń lọ gan-an. Bàbá ní kí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lọ tẹ wáyà sí ọ̀rẹ́ òun ní Niú Yọ́ọ̀kì pé aago méje alẹ́ ni.

Ẹni ṣu ní ń gbàgbé, ẹni kó o kì í gbàgbé. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dugbẹ̀, mo tẹ wáyà tèmi: aago méje àárọ̀ ni, ẹ má tẹ̀lé ti àkọ́kọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rẹ́ bàbá wa kọ̀wé sí mi. Mo kà á, mo fi pamọ́ di ọjọ́ Àìkú tí gbogbo ẹbí pé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi.

“Ẹ bá wa kà á, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ òkè òkun.”

Ó gbóhùn sókè. Ọmọ ti dé, ara rẹ̀ le. Lójijì ó wúkọ́, ó bọ́ sí ìlà mìíràn.

“Ẹ ti fo ìlà kan,” ni mo wí.

“Kà á,” ni Bàbá wí.

“‘Ọpẹ́lọpẹ́ wáyà Tíṣà. Bí a bá tẹ̀lé ti àkọ́kọ́, láti àárọ̀ títí dalẹ́ lọmọ yìí ì bá fi jókòó lóun nìkan.’”

“Etí mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà.”

Ó tún un kà. Òógùn bò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi, aya rẹ̀, mú àpò lẹ́tà náà nílẹ̀, ó wo ibi tí mo ti ya á.

“O ti kà á kí o tó gbé e fún un.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n.”

Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi kò fi dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Ó dùn mí nítorí tirẹ̀. Ní ti ọkọ rẹ̀, bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, n óò ní kí ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta.