Oògùn Tó Ṣáájú Ọ̀bẹ

Ìyá kan wà tó jẹ́ aránṣọ. Egungun ẹ̀yìn ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ́. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà fún iṣẹ́ abẹ, ó ní, “Mama, ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí kéré. Tá a bá ṣe é báyìí, àfi ká fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí i lára. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lo oògùn tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀ ká tó ṣe é.”

Ìyá gba oògùn náà, ó sì mú ọmọ padà sílé. Nílé, ìrora kì í jẹ́ kí ọmọ sùn.

“Màámi, ṣé wọ́n ti gbàgbé mi ni?”

Ìyá da oògùn sínú ṣíbí.

Nígbà tí wọ́n padà ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti pọ̀ tó, wọn ò fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sí i lára. Ìyá gbọ́, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ.