Ẹni tí Tinúọlá Fà Lé Ọlọ́pàá Lọ́wọ́

Nínú ilé tí wọ́n ń gbé ní Ọgbà, nílùú Èkó, Tinúọlá nìkan ni kì í sá fún ọlọ́pàá. Bí àwọn yòókù bá ti rí aṣọ dúdú lókèèrè, wọ́n á yà sí kọ̀rọ̀. Òun á dúró, á kí wọn. Bàbá rẹ̀, ará Ìkọ̀lé-Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ òun ti wọṣẹ́ kí wọ́n tó pè é. Nígbà tí Tinúọlá wá sọ pé ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn àti ètò ìdájọ́ ni òun fẹ́ kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí òun lè di ọlọ́pàá, ìyá rẹ̀ sunkún. Bàbá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní ológun ti padà sí bárékè, ìjọba alágbádá ti dé, bóyá irú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò tún iṣẹ́ náà ṣe.

Tinúọlá kọjú mọ́ ìwé. Olùkọ́ tó fẹ́ràn jù ni Ọ̀gbẹ́ni Johnson, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu bàbá yìí: ẹni tí a fura sí kì í ṣe ọ̀daràn, àfi bí ilé ẹjọ́ bá sọ bẹ́ẹ̀. Tinúọlá gbà á gbọ́ bí ẹni gba Bíbélì gbọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, bó ti ń bọ̀ láti Agége, ó bá èrò rẹpẹtẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n ká mọ́ àárín, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀ dé ìgúnpá. Afeez lorúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ló ti ń po ìyẹ̀fun. Wọ́n ní ó jí fóònù. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dóde nígbà náà ni, ẹni tó ní in dà bí ẹni tó ra mọ́tò. Wọ́n ti gbá a létí, ètè rẹ̀ ti bẹ́, ẹnìkan sì ti lọ gbé táyà wá.

Tinúọlá kò mọ ìgbà tí òun wọ àárín wọn. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ ni òun, iṣẹ́ òfin ni òun ń kọ́. Ó ní bí wọ́n bá pa á, apànìyàn ni gbogbo wọn, tẹ̀ṣàn kò sì jìnnà. Àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ ní òótọ́ lọmọ yìí ń sọ, ni àwọn èrò bá rọ̀. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Afeez fi bá Tinúọlá rìn dé tẹ̀ṣàn. Níwájú káńtà, ó yíjú padà.

"Àǹtí, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi. Ẹ̀yìn rélùwéè là ń gbé."

Ìyá náà, Munirat, opó tó ń fọṣọ fún àwọn ará àdúgbò, dì mọ́ Tinúọlá lọ́jọ́ náà, ó ṣàdúrà fún un, ó pè é ní ọmọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbé oúnjẹ lọ sí tẹ̀ṣàn. Àwọn ọlọ́pàá ń gba oúnjẹ, wọn ò jẹ́ kí wọ́n rí Afeez. Lónìí, wọ́n á ní ọ̀gá kò sí nílé. Lọ́la, wọ́n á ní kí wọ́n ní sùúrù. Tinúọlá ń ṣàlàyé fún Munirat pé òfin kò gbà kí wọ́n tì í mọ́lé pẹ́ láìgbé e lọ sílé ẹjọ́.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọlọ́pàá orí káńtà kò gbójú sókè nígbà tí wọ́n wọlé. Ó ní Afeez ti kú. Ó ní lílù tí àwọn èrò lù ú ló pa á.

Munirat kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀wù ọmọ òun. Tinúọlá fẹ́ gbé e dìde, ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Mi ò bá ọ jà," ló wí. "Ohun tó dára lo rò. Ṣùgbọ́n má wá sílé mi mọ́. Bí mo bá ti ń rí ọ, oúnjẹ tí mo ń gbé fún wọn ni màá máa rí. Ta ló ń jẹ ẹ́?"

Tinúọlá gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Johnson lọ. Bàbá náà gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé bó bá lọ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kò sẹ́ni tí yóò gbà á síṣẹ́ ọlọ́pàá láé. Kò sọ pé kó lọ, kò sì sọ pé kó má lọ. Tinúọlá lọ sọ ọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá: pé etí ni wọ́n gbá Afeez, pé ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, pé ó sọ̀rọ̀ ketekete níwájú káńtà. Wọ́n bi í léèrè ta ló rán an. Ọ̀rọ̀ náà kò dé ilé ẹjọ́ kankan. Bóyá Afeez jí fóònù àbí kò jí i, títí dòní, ẹnìkan ò mọ̀.

Tinúọlá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì yege. Nígbà tí ọlọ́pàá ń gbani síṣẹ́, wọ́n pe Gbénró, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó máa ń yá ìwé rẹ̀ dà kọ. Wọn ò pe òun. Nígbà tó lọ wádìí, ọkùnrin kan bi í pé, "Ṣé ìwọ kọ́ ni ọmọ tó fẹjọ́ ọlọ́pàá sùn?" Bàbá rẹ̀ gbọ́, ó kàn fọwọ́ lé e lórí. Láti ìgbà náà, kò tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Iṣẹ́ tí Tinúọlá rí ni ti ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ìkẹjà. Òun ló ń yẹ báàgì àti ara àwọn obìnrin wò bí wọ́n bá ń lọ sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí ọṣẹ lábẹ́ ìró obìnrin kan tó ń jẹ́ Catherine. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣọ́ géètì ní kí àwọn pe ọlọ́pàá. Catherine ti kúnlẹ̀.

Tinúọlá gba ọṣẹ náà, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní kí obìnrin náà máa lọ sílé. Ọkùnrin náà béèrè bóyá ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn. Tinúọlá ní kí ẹni tó kàn ṣí báàgì rẹ̀.