Àgbọ̀n Alápatà Oko Ọba

Òórùn ike tó ń yọ́ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ilé iṣẹ́ wa ní Agége, lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá. Bí afẹ́fẹ́ bá wá yí láti Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, òórùn awọ màlúù tí wọ́n ń sun á bá a dàpọ̀, ikùn mi kò sì ní mọ̀ bóyá ebi ni tàbí èébì. Ibẹ̀ ni mo fi irun funfun jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí mò ń sọ àwòrán inú ara di egungun ike. Ọ̀rẹ́ mi, má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gidi ni. Ilé ìwòsàn á fi àwòrán púpọ̀ ránṣẹ́, gbogbo wọn aláwọ̀ eérú, bí ẹni pé wọ́n rẹ́ orí ènìyàn pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí iṣu. Tèmi ni láti tò wọ́n léra, kí n sọ fún kọ̀ǹpútà bí eérú ṣe gbọ́dọ̀ funfun tó kó tó jẹ́ egungun. Òun á wá hun awọ bo ojú egungun náà, bí àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́, ẹ̀rọ á sì fi ike tẹ̀ ẹ́ jáde.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, alápatà kan ló ni orí. Màlúù ló ta á nípàá, àgbọ̀n rẹ̀ sì fọ́ lápá òsì. Dókítà fẹ́ fi àgbọ̀n ike náà ṣe òṣùwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tẹ irin tí yóò fi so egungun pọ̀ bá a mu, kó tó la ti ọkùnrin náà gan-an. Bí wọ́n bá là á tán tí irin kò bá egungun mu, ọ̀ràn dé nìyẹn.

Mo jà. Mo dín iye eérú kù, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá egungun wá, àgbọ̀n wú bí ti ọmọ tó di ẹ̀kọ sẹ́nu. Mo fi kún un, egungun lu bí asẹ́. Nígbà tí mo rí àárín rẹ̀ mú, àgbọ̀n wà lókè, orí wà nísàlẹ̀. Èmi ni mo to àwòrán àkọ́kọ́ sókè, torí nílé tí wọ́n ti bí mi, orí ló ń ṣáájú ohun gbogbo. N kò mọ̀ pé láti àgbọ̀n ni ilé ìwòsàn yìí ti ń ka àwòrán wọn lọ sókè. Kàkà kí n tún wọn tò, mo kàn yí gbogbo rẹ̀ padà, bí ẹni yí igbá tó dojú dé. Ó jókòó dáadáa. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde.

Lọ́sàn-án, ìyàwó alápatà mú ọkọ rẹ̀ wá gba àgbọ̀n ike náà lọ fún dókítà. Wọ́n ti fi okùn irin so eyín ọkùnrin náà pọ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ó wo ike náà, ó fi ìka kan ibi tó fọ́, ó mi orí pé rárá, ó sì fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ tó wú.

"Ó ní ti ẹlòmíràn lẹ gbé fún wa," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Tiwọn ni. Wọ́n kọjú sí mi ni. Òsì wọn, ọ̀tún mi ni." Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ bí tíṣà.

"Ẹ̀gbọ́n, ó pẹ́ tí bàbá àwọn ọmọ mi ti ń tú orí màlúù. Wọn ò kàwé o, àmọ́ wọn ò gbàgbé ibi tí wọ́n ti jẹ ìpá."

Mo tún ṣàlàyé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ ń dojú rú fún èmi gan-an. Mo yí ike síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi, n kò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún mọ́. Ni alápatà bá tẹrí ba díẹ̀ bí ẹni tọrọ gáfárà, ó kẹ́yìn sí mi, ó gbé àgbọ̀n ike náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ara rẹ̀, kí àwọn méjèèjì kọjú síbì kan náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú wà lósì. Ibi tó fọ́ lára ike wà lọ́tùn-ún.

Ìgbà náà ló tó yé mi. Àwòrán tí mo tò lódì ti sọ àgbọ̀n náà di ti inú dígí, yíyí kò sì lè tún un ṣe, bí bàtà ẹsẹ̀ òsì kò ṣe lè di ti ọ̀tún bó ti wù kí a yí i tó. Mo tún wọn tò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo sì tẹ òmíràn jáde. Àwọn méjèèjì jókòó dè mí títí di ìrọ̀lẹ́.

"Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó dì í," ìyàwó náà wí.

Mo bi wọ́n. Alápatà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, dókítà ní irin náà bá egungun mu.

Títí di òní, kì í ṣe àgbọ̀n náà ló ń rú mi lójú. Àwòrán wọ̀nyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun tí n kò lóye ni bí èmi, tí màlúù kò ta nípàá rí, ṣe dúró níbẹ̀ tí mò ń kọ́ ẹni tó ń jẹ̀rora ní apá ibi tó ń dùn ún.