Ìwé Ṣúgà Tí Mo Tún Kọ

Òórùn bọ́tà àti ṣúgà tó ń jóná nínú ààrò ni mo máa ń gbé wálé láti Agbára nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tó ń yẹ ọjà wò kó tó jáde, èmi tó jẹ́ pé ṣúgà gan-an ni ọ̀tá mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí àtọ̀gbẹ mú mi. Kì í ṣe irú èyí tó ń mú àwọn àgbà tí wọ́n fi ń lo oògùn oníhóró. Irú tèmi ni èyí tó jẹ́ pé ara kò lè pèsè ínsúlíìnì mọ́ rárá, àfi kí èèyàn gún un sára. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ní ikùn tàbí ní itan. Aránṣọ ni màmá mi, tí mo bá sì sọ pé mo ti gún ara mi tó bí wọ́n ṣe gún aṣọ, irọ́ mi ò pọ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹni tí kò lè jẹ bisikíìtì ló mọ èyí tó dáa. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Èmi ni mo mọ iṣẹ́ yẹn jù nínú gbogbo wa, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Ọkọ mi ti wà ní Kánádà fún ọdún méjì. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìgbéyàwó ló lọ, mo padà sọ́dọ̀ màmá mi ní Ilo-Awela, a wá ń ṣe tọkọtaya lórí fóònù. Ìwé mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ku àyẹ̀wò ara nìkan. Dókítà kan tí ìjọba ọ̀hún yàn ní Ìkẹjà ni yóò yẹ̀ mí wò, tí yóò kọ ohun tó bá rí ránṣẹ́, àwọn ni yóò wá sọ bóyá kí n máa bọ̀ tàbí kí n jókòó sílé. Tí wọ́n bá ní kí n jókòó, mi ò mọ ohun tí yóò kù nínú ìgbéyàwó yẹn. Ọkọ mi ò sọ ọ́, èmi náà ò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìpè wa ti ń kúrú sí i.

Màmá mi ti parí ọ̀rọ̀ ní tiwọn. Wọ́n ní tí dókítà bá bi mí bóyá àìsàn kan ń ṣe mí, kí n ní rárá. "Ṣé ó hàn lára rẹ ni? Má fi ẹnu ara rẹ ba ti ẹ jẹ́." Láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á mọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ò mọ̀, àwọn oníbàárà wọn ò mọ̀, inú ike tí wọ́n kọ "ata gígún" sí lára ni ínsúlíìnì mi ń gbé nínú fíríìjì. Ọkọ mi mọ̀, àwọn ẹbí ẹ̀ ò mọ̀. Màmá gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje lórí àyẹ̀wò náà, wọ́n ń gba tèmi mọ́ tiwọn nítorí pé èmi ò lè gbà. Mo sọ fún wọn pé mi ò ní parọ́ ní tèmi, pé ẹ̀jẹ̀ mi á kúkú sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ wá gbọ́ irú òótọ́ tí mo lọ ń ṣe.

Ní ilé-iṣẹ́ wa, tí a bá gbọ́ pé àwọn ọ́díítọ̀ tó ń wá yẹ iṣẹ́ wa wò ń bọ̀, odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi ń múra. Wọ́n á kun ògiri, wọ́n á pín fìlà tuntun, àwa ẹ̀ka àyẹ̀wò á sì kó àwọn ìwé tí a ń kọ bí ààrò ṣe gbóná tó sí ní wákàtí wákàtí jáde. Èyí tí epo bá ta sí, èyí tí ẹnì kan bá fa ìlà sí, ọjọ́ tí ààrò bá ṣe wèrè, a ó tún gbogbo ẹ̀ kọ tónítóní sínú ìwé mìíràn. Ti tẹ́lẹ̀ á wọnú páálí, ó di orí àjà. Kò sẹ́ni tó kà á sí irọ́ nínú wa. Bí ìgbà tí èèyàn ń gbálẹ̀ de àlejò ló rí lójú wa. Èmi ni wọ́n sì máa ń gbé e fún, torí pé ìkọ̀wé mi dáa.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé ìwé ṣúgà tèmi náà kalẹ̀. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, mo máa ń gún ọmọ ìka mi, mo máa ń fi ẹ̀rọ kékeré wọn ẹ̀jẹ̀ náà, mo sì máa ń kọ iye tó bá jáde. Ìwé ọ̀hún ti rí jákujàku, ẹ̀jẹ̀ kán sí i, epo pupa kán sí i, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò sì ṣeé kà síta. Ibì kan wà tí mo kọ ọ́ sí pé, "Okòólélọ́ọ̀ọ́dúnrún. Mo jẹ ẹ̀bà méjì torí inú ń bí mi." Ibòmíràn ni pé, "Méjìlélógójì. Inú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo mu mínírà kí ṣúgà lè gòkè." Ní Sátidé kan mo jókòó sídìí tábìlì ìránṣọ Màmá, mo tún oṣù mẹ́ta kọ. Níbi tí okòólélọ́ọ̀ọ́dúnrún wà, mo kọ ogóje, iye tó bójú mu. Kò sí ẹ̀bà méjì, kò sí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Màmá bá mi fi bébà bo ẹ̀yìn ìwé náà. Mo gbé e sókè, mo ní ẹni tó bá rí irú èyí, ó yẹ kó fún èèyàn ní fisa lójú ẹsẹ̀. Ìgboyà mi ò kéré nígbà yẹn.

Ọjọ́ àyẹ̀wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, mo wá wọlé lọ bá dókítà. Bàbá àgbàlagbà kan ni, awò ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ nímú. Wọ́n bi mí bóyá mo ní àtọ̀gbẹ. Mo yọ àyà síta, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì gbé ìwé mi síwájú wọn kí wọ́n tó béèrè. Wọ́n ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n tún ṣí i padà.

"Ìyàwó, ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ọjọ́ wo lo kọ ọ́?"

Wọn ò dúró de èsì mi. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta, báírò kan ṣoṣo, ẹ̀jẹ̀ ò kán sí i lẹ́ẹ̀kan, ṣúgà mi ò sì ròkè tàbí kó wálẹ̀ lọ́jọ́ kankan. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan yẹn lè sọ bí ṣúgà mi ṣe rí fún oṣù mẹ́ta gbáko, kí ni kí àwọn wá kọ tí ẹ̀jẹ̀ àti ìwé bá ń jiyàn? Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé pé mo jókòó. Èmi tí mo ti bo àṣírí ààrò mọ́ ọ́díítọ̀ lójú fún ọdún márùn-ún. Mo jẹ́wọ́ pé mo tún un kọ ni, mo sì ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́. Wọn ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n ní kí n mú èyí tòótọ́ wá ní Tọ́sìdeè, pé tí mi ò bá mú un wá, ohun tí wọ́n rí náà ni wọn yóò kọ ránṣẹ́.

Mo délé, ìwé tòótọ́ náà ò sí níbi tí mo fi í sí lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá ti fi í sínú àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n sì tì í pa. Wọ́n ní àwọn ò ní yọ ọ́, pé ohun tó máa dá mi padà láti ẹnu ọ̀nà ló wà nínú ìwé yẹn. A fà á títí. Mo ní, "Màmá, dókítà ti mọ̀. A ò pa á mọ́ fún ẹnì kankan mọ́." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n ní èmi ò lè mọ̀, pé nígbà tí mi ò tíì lè gún ara mi, àwọn ni wọ́n ń gún mi, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí àwọn obìnrin ilé wa sì ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe tí ọmọ wọn fi rí bẹ́ẹ̀, pé ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn máa pa á mọ́. Mi ò mọ ìyẹn rí. Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

Ní Tọ́sìdeè, dókítà ka ìwé náà pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n dé ibi ẹ̀bà méjì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n dé inú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, wọ́n bi mí pé ta ló fún mi ní mínírà. Mo ní èmi fúnra mi ni, ó máa ń wà nínú báàgì mi nígbà gbogbo. Wọ́n gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Ẹni tó kọ èyí tó mọ́ tónítóní yìí, mi ò mọ̀ ọ́n," ni wọ́n wí. "Ẹni tó kọ èkejì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ara. Òun ni màá kọ̀wé nípa ẹ̀."

Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti wà lọ́dọ̀ ọkọ mi. Níbi iṣẹ́ mi níhìn-ín, tí mo bá kọ nǹkan ṣì, mo máa ń fa ìlà kan sí i, màá kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, màá sì tẹ̀ síwájú. Mo máa ń fi ọmọbìnrin tí mo jẹ́ nígbà yẹn rẹ́rìn-ín, ó gbọ́n jù fún ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ṣì ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọọdún pé Ọlọ́run bo àwọn aláyẹ̀wò lójú, wọn ò rí àìsàn ọmọ òun. Wọ́n tún ń sọ ọ́ fún mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, mo wá ní, "Màmá, wọ́n rí i. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n rí, wọ́n sì ní kí n máa bọ̀."