Ìyá Mi, Náírà àti Ọ̀nà Mẹ́kà

Ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Samaru, nílẹ̀ Haúsá, ṣùgbọ́n ìyá mi kò gbà pé mo mọ nǹkan kan nípa ajé. Ó ti ń ta aṣọ lọ́jà Sabon Gari kí wọ́n tó bí mi. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú ń dára, kó wo ohun tí ìjọba ń náwó lé. Nígbà tí wọ́n da ọ̀dà sí títì ẹ̀yìn ọjà wa, inú rẹ̀ dùn.

“Ilé tí wọ́n ń rẹ́, ebi ò pa onílé ibẹ̀,” ló wí. “Owó wà lọ́wọ́ ìjọba. Náírà á gbéra, owó hájì á wálẹ̀. Ọdún yìí ni mò ń lọ, in sha Allah.”

Mo ní, “Màmá, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti rówó rẹ́lé ná. Èèyàn lè yáwó rẹ́lé. Ìjọba ń ná ju ohun tó ń wọlé fún un, òkèèrè la sì ti ń ra ohun tí à ń lò. Gbogbo wa la jọ ń du dọ́là. Ẹ gbọ́ iye tí àwọn oní-canji tó ń ṣẹ́ dọ́là ń pè é láàárọ̀, kí ẹ tún gbọ́ tìrọ̀lẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.”

“Kai, Tíṣà! Ṣé o ò fẹ́ kí n lọ ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ìrìn àjò yìí nìkan ni mo mọ̀ pé ìyá mi ń fẹ́ fún ara rẹ̀.

Ó san iye owó hájì tí ìjọba kọ́kọ́ kéde. Ní àdúgbò wa, ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjìn láti ilé dé ilé, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òun á padà. Àwọn tó gbọ́n a máa dúró dìgbà tó bá kù fẹ́ẹ́rẹ́ kí ọkọ̀ òfurufú gbéra. Ìyá mi kò dúró. Kò tíì pẹ́ tó sanwó tó fi bẹ̀rẹ̀.

Ilé tó le jù ni ti obìnrin Haúsá kan ní Danmagaji. Wọ́n ti jọ tajà rí kí ìjà tó pín wọn níyà, nígbà tí mo ṣì kéré. Èmi ni mo sìn ín lọ. Ìyá mi kúnlẹ̀ sórí ẹní. Obìnrin náà wò ó títí, kó tó ní, “Na yafe,” pé òun ti dárí jì í. Àwọn méjèèjì sunkún. Ó wá bẹ ìyá mi pé bó bá dé Mẹ́kà, kó bá òun tọrọ ọmọ fún ọmọbìnrin òun. Ìyá mi ní òun á ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni rédíò sọ ọ́. Ìjọba ò ní ta dọ́là ní ẹ̀dínwó fún àwọn onírìn-àjò hájì mọ́; iye tí wọ́n ń ta dọ́là lọ́jà ni wọ́n máa fi ṣírò owó hájì. Kí oníkálukú tètè wá san àfikún. Àfikún náà ju gbogbo aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi lọ. Èmi àtàwọn àbúrò mi dáwó jọ, kò tó. Wọ́n dá owó rẹ̀ padà fún un.

Ìyá mi ò jáde mọ́. Ẹni tó ti dágbére fún gbogbo ọjà, ojú wo ló fẹ́ fi lọ ra tòmátò níbẹ̀? Èmi ni mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn iṣẹ́. Bí wọ́n bá bi mí bóyá Màmá ti dé Mẹ́kà, inú á bí mi débi pé mo máa ń bú ọ̀dà tí wọ́n dà sí títì.

Nígbà tí obìnrin Danmagaji gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ló wá jókòó tì í. “Allah bai kira ki ba tukuna,” ló wí, pé Ọlọ́run ò tíì pè é.

“Ó pè mí,” ni ìyá mi wí. “Owó wa ni ò gbé mi débẹ̀.”

Ẹnu tíṣà ń yún mi, mo fẹ́ tù ú nínú. Mo ní iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó òkèèrè kì í dúró lójú kan, pé náírà ṣì lè lágbára lọ́dún méjì sí i.

Ìyá mi ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú.

“Ó lè lágbára o,” ló wí. “Orúnkún mi ńkọ́?”