Ésaïe Gbààwẹ̀ Pẹ̀lú Oògùn Lára

Ní Akpassi, kò sí ẹni tí kò mọ Ésaïe tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Nínú ìjọ aláṣọ funfun, òun ló máa ń ṣáájú ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, láìjẹ, láìmu. Ó pé ọdún mọ́kànlá tí kò yẹ ẹyọ kan. Ève ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Bí ràkúnmí bá rí yín, á pè yín ní ẹ̀gbọ́n.”

Ní ọdún 1984, kókó yọ sí i lọ́rùn, èyí tó tóbi jù tó ẹyin ẹyẹlé. Wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní Kútọnu, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Dókítà kan ní Savalou fún un ní oògùn oníhóró tí yóò máa lò ní àràárọ̀. Nọ́ọ̀sì Thècle ló là á yé e.

“Oògùn yìí ń pa jẹjẹrẹ, àmọ́ ó ń rẹ àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí a tún fi ń lò ó fún àwọn tí ọmọ-ogun ẹ̀jẹ̀ wọn ń bá kíndìnrín ara wọn jà. Bí ibà bá mú yín, ẹ má dúró se àgbo, ẹ máa bọ̀ níbí. Ìdọ̀tí oògùn náà sì ń gba àpò ìtọ̀ kọjá, ó ń ta á bí ata. Omi ni kí ẹ fi máa ṣàn án, ìgò ńlá mẹ́ta lójúmọ́.”

Láàárín oṣù méjì, kókó náà fà sẹ́yìn. Nígbà tí Woliì Élisée kéde ààwẹ̀, Ésaïe ní ọpẹ́ òun nìyí. Kò fo oògùn rẹ̀ o; itọ́ ẹnu ló fi ń gbé e mì ní àràárọ̀. Lójú tirẹ̀, hóró oògùn kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, omi ló ń bà á jẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ó tọ̀ sẹ́yìn ilé ìjọsìn, ìtọ̀ náà pọ́n bí omi osùn. Alùpùpù ló gbé e dé Savalou.

“Ẹ fi itọ́ gbé e mì?” Thècle di orí mú. “Ẹ̀ bá ti fi ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yìí tó mi létí!”

“Màdáámù, ọpẹ́ ni mò ń dú.”

Dókítà dá oògùn náà dúró, ó fa omi sí i lára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n kókó kan tún ti ń yọrí. Dókítà ní òun yóò dá oògùn padà fún un, àmọ́ tó bá tún fi òùngbẹ lò ó, àpò ìtọ̀ rẹ̀ lè má gbà á mọ́, òun kò sì ní oògùn mìíràn níbí.

Nígbà tí ààwẹ̀ mìíràn dé ní oṣù tó tẹ̀lé e, Ésaïe wọ sùtánà, ó gbé ìgò omi dání.

“Ẹ wo olórí ààwẹ̀ wa,” Ìyá Marie kígbe, “ó gbé kànga wá!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Élisée bi í bóyá ó lè ṣáájú bẹ́ẹ̀.

“Rárá, Bàbá. Kí Nathanaël ṣáájú.”

Ó lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá, níbi tí kò jókòó sí rí, ó ṣí ìgò náà, ó sì fi omi gbé oògùn rẹ̀ mì.