Ṣíbí Fàdákà Mi Dúdú Nínú Ọbẹ̀ Àbúrò Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ṣíbí kan fojú mi rí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín tó.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní abúlé wa lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà níbí mọ̀ pé nǹkan méjì ni mo ń ṣe. Mo ń gbin ẹ̀gẹ́, mo sì ń kó ohun ìjẹun àtijọ́ tí wọ́n fi fàdákà ṣe jọ. Ṣíbí, fọ́ọ̀kì, abọ́ ṣúgà, àti jọ́ọ̀gì kékeré kan tí ikùn rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú.

Níbo ni àgbẹ̀ ti ń rí fàdákà? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Nígbà tí kòkó ń mówó wá, àwọn bàbá wa ní àwọn abúlé Lágelú yìí ra nǹkan òyìnbó tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Àwọn ọmọ wọn kó o sínú àpótí. Àwọn ọmọ ọmọ wọn wá ń fi ṣíbí fàdákà bu oúnjẹ adìẹ. Mo ti fojú ara mi rí i!

Tí mo bá rí irú ṣíbí bẹ́ẹ̀, màá yí i dojú dé, màá wá kìnnìún kékeré tí wọ́n fín sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, àmì tí òyìnbó fi ń sọ pé fàdákà gidi ni. Tí mo bá ti rí kìnnìún, ọkàn mi balẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ má bi mí ní ìtumọ̀ àwọn àmì yòókù. Màá gbé e délé, màá fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí tí màá fi rí irun imú mi nínú rẹ̀. Àlá mi ni pé lọ́jọ́ kan, gbogbo ẹbí á jókòó yí tábìlì mi ká, wọ́n á fi fàdákà jẹun bí ọba.

Àbúrò mi obìnrin, Àdùkẹ́, kò fẹ́ràn àlá yìí rárá. Télọ̀ ni ní Olódò. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, kì í sì í fi àdúrà ṣeré. Ó ní ta ló mọ òyìnbó tó fi ṣíbí yẹn jẹun kẹ́yìn kó tó kú, ta ló sì mọ̀ bóyá ó ṣì ń wá a kiri. Mo ní kí òyìnbó náà máa bọ̀, màá ro ẹ̀bà fún un.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló di ńlá. Ó ní mo ń fi àdúrà òun ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní òun ló ń pe ilé mi ní ilé iwin. Ká tó mọ̀, a ò kí ara wa mọ́. Ìkómọ kọjá, ìsìnkú kọjá, Kérésì kọjá. Àwa méjì péré sì ni ìyá wa bí o.

Àbúrò bàbá wa, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní nílé wa, ẹnu kọ́ la fi ń parí ìjà, oúnjẹ ni. Ẹnì kan á sè é wá, ẹnì kejì á jẹ ẹ́ tán lójú àgbà. Tí abọ́ bá mọ́, inú mọ́. Tí nǹkan bá ṣẹ́ kù lábọ́, nǹkan ṣì kù nínú. Wọ́n ní kí Àdùkẹ́ sè é wá sílé mi, kí èmi jẹ ẹ́.

Inú mi dùn dé ìdí. Ìyàwó mi ti lọ tọ́jú ọmọ tuntun tí ọmọ wa bí l'Ékòó, èmi nìkan ni mo tẹ́ tábìlì. Gbogbo fàdákà mi ni mo kó jáde.

Bàbá Kékeré ti jókòó kí Àdùkẹ́ tó dé, ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó gbé ìrẹsì wá àti ọbẹ̀ ata tí ẹyin sísè kún inú rẹ̀ bámúbámú, torí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹyin. Ó wo tábìlì. Ó kàn yọ ṣíbí oníke nínú báàgì rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Bàbá Kékeré ní ọwọ́ làwọn máa fi jẹ tàwọn, irin máa ń ta àwọn léyín. Ó wá ku èmi nìkan tí mo mú ṣíbí fàdákà. Mo bu oúnjẹ, mo ki ṣíbí mi bọ àárín ẹyin kan tó ti là sí méjì. Ni Bàbá Kékeré bá ní ká gbàdúrà.

Ẹ mọ àdúrà àwọn àgbà wa, kì í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó tẹ abúlé dó, wọ́n gbà á dórí ọmọ tuntun tó wà l'Ékòó, wọ́n gbàdúrà fún òjò, wọ́n gbàdúrà fún gómìnà. Nígbà tí a máa fi ṣe àmín ìkẹyìn, ìrẹsì ti tutù. Mo fa ṣíbí mi yọ.

Ó ti dúdú.

Kì í ṣe pé ọbẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn o. Mo fi àtàǹpàkò nù ún, kò lọ. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà? Wọ́n ní fàdákà kì í bo májèlé mọ́lẹ̀. Bàbá wa tún un sọ fún wa títí wọ́n fi lọ: òrùka fàdákà tó bá dúdú lójijì, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ wo ẹni tó ń bá jẹun dáadáa. Èmi tí mo ní kí òyìnbó tó kú máa bọ̀ wá jẹ ẹ̀bà, èmi náà ni mo wá ń ṣọ́ ẹnu àwọn tó ń bá mi jẹun.

Mo wo Àdùkẹ́, ó ń fi oníke jẹun jẹ́jẹ́. Mo wo Bàbá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ tiwọn. Èmi nìkan ni mo ní fàdákà, èmi nìkan ló sì kìlọ̀ fún. Mo sọ fún ara mi pé, àgbà ọkùnrin, ó ti tán fún ọ.

Báwo ni ẹni tó ń bẹ̀rù ikú ṣe ń jẹun lójú àgbà? Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín. Mo rọra fi ṣíbí dúdú náà pamọ́ sábẹ́ etí abọ́, mo mú òmíràn. Màá bu ìrẹsì sẹ́nu, màá húkọ́, màá tu ú sínú áńkáṣíìfù. Nígbà tí áńkáṣíìfù kún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ìrẹsì sápò bùbá mi. Àpò mi yó jù mí lọ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹyin kò ṣeé fi sápò, ó ń yọ̀.

Àdùkẹ́ ló wá palẹ̀ mọ́. Ó wo abọ́ mi títí. "Bùọ̀dá mi, ẹ ò jẹ ẹyin yín."

Mo ní inú ló ń run mí díẹ̀. Kò bá mi jà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó kí wa, ó lọ. Bàbá Kékeré dé fìlà wọn, wọ́n ní tí inú mi bá ti rọ̀, kí n jẹ́ káwọn gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe inú rírun ni wọ́n ń sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mi ò tíì kú, ṣùgbọ́n ebi fẹ́ ṣe ohun tí májèlé ò ṣe. Mo kó ẹyin adìẹ mi lẹ́yìnkùlé. Mo fọwọ́ ara mi pọn omi, mo sè é, mo bó o. Mo tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn! Mo mú ṣíbí fàdákà mìíràn tó ń dán, mo ki í bọ inú ẹyin. Bí mo ṣe fẹ́ jẹ ẹ́, aládùúgbò kan ké sí mi láti ìta pé ewúrẹ́ ti wọ ẹ̀gẹ́ mi. Mo tún ti ilẹ̀kùn, mo sáré lọ lé e, mo padà dé.

Ṣíbí ti dúdú.

Ta ló wọlé? Kò sẹ́nì kankan, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ta ló sè é? Èmi. Ta ló yé e? Adìẹ mi. Ṣé adìẹ ló wá ń lépa ẹ̀mí mi ni?

Mo mú ṣíbí mìíràn, mo ki í bọ ẹyin kejì, mo jókòó tì í bí ọdẹ tó ń ṣọ́ olè. Lójú mi báyìí, ó pọ́n, ó ṣú, ó dúdú. Mo ki òmíràn bọ gààrí, ó ń dán síbẹ̀. Àṣé ẹyin ni! Ẹyin àti fàdákà ni kì í gbé pọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń kó o jọ, mi ò fi jẹ ẹyin rí. Mo kàn ń fọ̀ ọ́, mo ń wò ó ni.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí ojú Àdùkẹ́ sọ sí mi lọ́kàn, ẹ̀rín tán.

Mo fi ṣíbí dúdú sápò, mo gun ọ̀kadà, ó di Olódò. Mo bá a nídìí maṣíìnì rẹ̀. Mo ti múra ẹ̀fẹ̀ kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà, mo sì ro gbogbo ẹjọ́ mi fún un: ṣíbí, àpò bùbá, adìẹ, ewúrẹ́. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Ó kàn dá maṣíìnì dúró.

"Ẹ rò pé mo fẹ́ pa yín ni?"

Ẹ̀fẹ̀ mi gbẹ. Irọ́ wo ni mo tún fẹ́ pa? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Àdùkẹ́, mo rò bẹ́ẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ègé aṣọ, mo ní kó má bínú. Mo bi í bóyá ọbẹ̀ àná ṣì kù.

Ó ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun náà rí ṣíbí yẹn nígbà tí mo ń fi àtàǹpàkò nù ún. Ó ní òun gbà pé òyìnbó tó ni ṣíbí ló ti dé, tó ń bá mi jẹun, òun ò sì lè sọ ọ́ kí n má tún fi òun ṣẹ̀fẹ̀. "Inú ààwẹ̀ ni mo wà báyìí, Bùọ̀dá mi. Torí kẹ́ ẹ má baà kú ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Èmi ń kó oúnjẹ rẹ̀ sápò kó má baà pa mí, òun ń febi pa ara rẹ̀ kí n lè wà láàyè.

Ó wọlé lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Ó pe Bàbá Kékeré lórí fídíò, ó fi fóònù ti ìgò epo maṣíìnì kí wọ́n lè máa wò mí. Ọwọ́ ni mo fi jẹ ẹ́, ìrẹsì, ata, ẹyin, gbogbo rẹ̀. Bàbá ní kí n yí abọ́ dojú dé. Mo yí i, nǹkan kan ò já bọ́. Wọ́n ní ó dáa, káwọn máa lọ sóko. Nígbà tí ààwẹ̀ Àdùkẹ́ pé, òun náà jẹun, mo sì jókòó tì í títí ó fi fọwọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìbẹ̀rù máa ń sáré jẹ́rìí kí wọ́n tó pè é. Ẹnu mi wà lára mi lọ́jọ́ yẹn, mo lè béèrè, mo lo àpò. Kí ni ǹ bá máa rò sí Àdùkẹ́ títí dòní ká ní ewúrẹ́ ò wọ ẹ̀gẹ́ mi?

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti fura sí rí, tó sì jẹ́ pé ẹ̀mí yín lónítọ̀hún ń tọrọ? Ẹ kọ ọ́ síbí ká jọ kà á. Àdùkẹ́ àti Bàbá Kékeré ń bọ̀ wá sílé mi lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ti ní kí n bá òun fọ ṣíbí fàdákà kan sílẹ̀, èyí tó bá dán jù. Adìẹ ló ní òun ń sè bọ̀.